Bí Awakọ̀ Akẹ́rù Ṣe ń Ṣọ́ Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ń múra ìrìn àjò. Wọ́n ti to iṣu kún inú rẹ̀ láti alẹ́ àná. Wọ́n ti fi tapólì bo ẹrù náà, wọ́n sì ti fi okùn dì í dáadáa. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì hú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbà. Èéfín funfun díẹ̀ jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ó rá, ó sì pòórá nínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀. Síbẹ̀ awakọ̀ kò tí ì gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Ó jókòó, ó ń wo àwọn gééjì tí ó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó ń jáfara ni, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìjùmú, láàrin àwọn Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ọ̀nà tí ó ti Kàbà wá gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, kí ó tó wọ ilẹ̀ Kwara lọ sí Ìlọrin. Ẹni tí ó bá sì kọjú sí Kàbà lè gba Ọ̀bàjànà, níbi tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ńlá nì wà, títí yóò fi dé Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ náà; àpáta ni ó yí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú rẹ̀ ká. Lọ́kọ́ja wà ní àfonífojì odò, ṣùgbọ́n Kàbà àti àwọn ìlú Ìjùmú ga jù ú lọ púpọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá ru iṣu láti ibẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja yóò gun òkè, yóò sì sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ó ń dán ẹ́ńjìnnì wò.

Ohun tí ó wà nínú ìdánwò yìí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ nínú ìgbẹ́, owó tí a fi ń tún un ṣe lè jẹ èrè ọdún kan gbáko; iṣu tí ó wà lórí ọkọ̀ kò sì ní dúró de mẹkáníìkì kí oòrùn tó bà á jẹ́. Èyí tí ó burú jù ni pé ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá, afẹ́fẹ́ ni ó ń ti bíréèkì, ẹ́ńjìnnì ni ó sì ń fún afẹ́fẹ́ náà sínú àgbá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni ó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti yí ọwọ́ ọkọ̀. Bí ó bá kú lójijì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ọwọ́ ọkọ̀ yóò wúwo bí òkúta, afẹ́fẹ́ bíréèkì kò sì ní kún mọ́. Ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀, àti ti àwọn tí ń rin ẹ̀bá ọ̀nà, wà lọ́wọ́ ẹni tí ń wo gééjì.

Ẹni tí ó dá irú ẹ́ńjìnnì yìí sílẹ̀ ni Rudolf Diesel, ará Jámánì tí a bí ní ìlú Paris ní ọdún 1858. Ní 1892 ni ó béèrè fún ìwé-àṣẹ lórí èrò rẹ̀. Ní 1897, ní ìlú Augsburg, wọ́n dán ẹ́ńjìnnì náà wò, ó sì ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò gbó lórí oyè. Ní 1913 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì gúnlẹ̀ mọ́. Inú òkun ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe epo náà títí di òní.

Ẹ́ńjìnnì tí ń lo bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò ní irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnnì rẹ̀ ń kọ́kọ́ fà wọlé, tí ó sì ń fún un pọ̀ títí yóò fi kéré tó ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ti àtẹ̀yìnwá, tàbí kí ó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kọjá ìwọ̀n 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, èyí tí omi ń hó ní 100 rẹ̀. Nígbà náà ni nọ́súlù yóò fọ́n epo wínníwínní sínú ooru náà, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí ohun kan níhìn-ín, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ẹsẹ̀ awakọ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́. Epo nìkan ni ó ń wọ̀n. Bí ó bá ti ń tẹ tọ́tù sí i ni epo ń pọ̀ sí i, yálà afẹ́fẹ́ tó o tàbí kò tó. Ìyá tí ó bá ki igi jù sábẹ́ ìkòkò mọ̀ pé èéfín ni yóò bo òun lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ́ńjìnnì: epo tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó yóò di èéfín dúdú, ooru yóò sì pọ̀ jù nínú ilé písítìnnì. Láti wá afẹ́fẹ́ kún afẹ́fẹ́ ni a ṣe ń fi tọ́bò sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá. Alfred Büchi, ará Switzerland, ni ó gba ìwé-àṣẹ lórí èrò yìí ní 1905. Èéfín tí ń jáde lọ ni a ń lò láti yí àgbá kékeré kan, àgbá náà yóò sì máa yí èkejì tí ń ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ohun tí a ìbá dà nù ni a tún fi ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àlébù kan: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí díẹ̀díẹ̀, èéfín kò ní agbára tó láti yí tọ́bò, afẹ́fẹ́ kò sì ní tó.

Gééjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni ti ooru omi. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní àlàáfíà, ọwọ́ rẹ̀ sábà máa ń dúró láàrin 80 àti 95. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan, wọn kò sì mọ̀ pé ẹlẹ́rìí tí ó ń pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ ni. Ooru ní láti kọ́kọ́ wọ inú irin, kí ó ti inú irin bọ́ sínú omi, omi sì pọ̀ nínú rédíétọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lè kọjá kí ọwọ́ gééjì tó gbéra. Ó tún ní irọ́ kan tí ó máa ń pa. Bí páìpù omi bá bẹ́, tí omi sì dà nù tán, ohun tí ń wọn ooru yóò wà nínú òfìfo, ọwọ́ gééjì sì lè já wálẹ̀ bí ẹni pé ara ẹ́ńjìnnì ti tutù. Ẹni tí ó bá yọ̀ nígbà náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gan. Gééjì tí ó bá já wálẹ̀ lójijì lórí òkè, kí awakọ̀ dúró wo ohun tí ó dé. Kí ó má sì ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá ṣì gbóná, nítorí omi tí ó wà níbẹ̀ ju omi híhó lásán lọ. Ọ̀pọ̀ ojú ni ó ti bó.

Ẹlẹ́rìí tí ó yá jù ni ooru èéfín fúnra rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ kan ní gééjì rẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn: wáyà méjì tí irin wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ni a so pọ̀ ní orí, a sì ki orí náà bọ inú páìpù èéfín, ṣíwájú tọ́bò. Thomas Seebeck ni ó kíyè sí i ní 1821 pé bí ibi tí a ti so irú irin méjì pọ̀ bá gbóná, agbára iná kékeré yóò hàn nínú wọn. Iná kékeré yìí ni ó ń ti ọwọ́ gééjì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan, èéfín lè má ju 150 lọ. Lójú ọ̀nà títẹ́jú, tí ẹrù kò pọ̀, ó lè wà ní nǹkan bí 300. Bí ọkọ̀ bá ru ẹrù gun òkè, yóò dé 500, yóò dé 600. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fi ààlà sí ni 700. Àlúmínómù, èyí tí ó pọ̀ jù nínú irin tí a fi ṣe ọ̀pọ̀ písítìnnì, a máa yọ́ ní 660. Ohun tí kò jẹ́ kí písítìnnì yọ́ lójoojúmọ́ ni pé iná kì í wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé láàrin, ọ́ìlì àti omi sì ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ń wọlé ju èyí tí wọ́n lè gbé lọ, ojú písítìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ kí gééjì omi tó sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọkọ̀ oníṣu wa. Ó ti kúrò ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ó sì ń gun òkè kan. Jíà tí ó wà nínú rẹ̀ ga, awakọ̀ sì fẹ́ fi agbára gun òkè náà tán láìyí i padà. Ó tẹ tọ́tù dé ilẹ̀. Ọkọ̀ ń falẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì wúwo, ó dàbí ẹni tí ń kérora lábẹ́ ẹrù. Ọmọ ọkọ̀ yọ orí síta, ó wo ẹ̀yìn.

“Ọ̀gá, èéfín dúdú ti bo ẹ̀yìn wa o!”

“Mo ti rí i nínú dígí. Fa orí rẹ wọlé.”

Awakọ̀ yọ ẹsẹ̀ díẹ̀, ó já jíà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún já a lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ́ńjìnnì pariwo. Ọkọ̀ kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èéfín tí ń jáde ti ṣí. Ọmọdé inú ọkọ̀ lè rò pé ariwo yẹn ni wàhálà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú jíà gíga, epo pọ̀, afẹ́fẹ́ kéré, omi àti ọ́ìlì sì ń rìn jẹ́jẹ́. Nínú jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá: tọ́bò ń fẹ́, pọ́ńpù omi ń yí, fáànù ń fẹ́ sí rédíétọ̀, epo tí a nílò lórí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì dín kù. Bí gééjì ooru èéfín bá wà nínú ọkọ̀ náà, láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ti sọ̀kalẹ̀. Bí kò bá sí, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, etí awakọ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni gééjì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ àgbà ni kò ní ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ́ńjìnnì wọn sì ń pẹ́.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà. Ohun tí ń bẹ nínú ẹ́ńjìnnì kò ṣé é fi pamọ́, ẹnu sàlẹ́ńsà ni yóò ti jáde. Bí dúdú bá ń jáde nígbà gbogbo, tí kì í ṣe lórí òkè nìkan, ó lè jẹ́ pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku pupa bá ń gba gbogbo ilẹ̀ Òkun kan, asẹ́ tí ìbá lò fún oṣù púpọ̀ lè dí láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó sì lè jẹ́ nọ́súlù tí ń da epo dípò kí ó fọ́n ọn. Èéfín funfun ní òwúrọ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rù, òtútù ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán tí funfun náà kò lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín lójoojúmọ́ láìjò sílẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jẹ, omi ń wọ inú iná. Èéfín tí ó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti ọ́ìlì tí ń jóná: oruka písítìnnì ti jẹ, tàbí ìdè tọ́bò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Èyí kẹta yìí ni awakọ̀ kò gbọdọ̀ fojú kékeré wò. Bí ọ́ìlì bá rí ọ̀nà wọ inú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ́ńjìnnì lè máa fi ọ́ìlì ara rẹ̀ ṣe epo, kí ó máa sáré láìgbọ́ràn, kódà bí a bá ti pa kọ́kọ́rọ́. Ọ̀nà kan tí a lè gbà dá a dúró nígbà náà ni kí a dí ẹnu ibi tí ó ti ń fa afẹ́fẹ́.

Ti gééjì ọ́ìlì kò gba àlàyé gígùn. Bí agbára ọ́ìlì bá já wálẹ̀ tí iná pupa sì tàn, kí a fi ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí a sì pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí “jẹ́ kí n dé Kàbà ná” nínú èyí.

Bí sàlẹ́ńsà bá lu ní ibì kan, etí ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ìró fífẹ́ bíi ti ejò yóò máa dún nígbà tí a bá tẹ tọ́tù, dúdú sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ó ti ń jò. Bí ó bá jẹ́ ṣíwájú tọ́bò ni ó ti lu, agbára ọkọ̀ yóò dín kù lórí òkè. Bí èéfín náà bá sì ń wọ ibi tí awakọ̀ jókòó sí, ọ̀rọ̀ di ti ìlera. Ní oṣù Okúdù ọdún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn ohun tí ń fa àrùn náà fún ènìyàn. Ọmọ ọkọ̀ tí ń sùn lẹ́yìn ìjókòó náà ń fà á símú.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti kọjá Kàbà, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsàlẹ̀ sí àfonífojì odò. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe àṣìṣe tí ó burú jù: wọ́n á yọ jíà sí fíríì, wọ́n á ní àwọn ń ṣọ́ epo jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òdìkejì ni wọ́n ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí awakọ̀ sì yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì, pọ́ńpù a sì dáwọ́ epo dúró. Ṣùgbọ́n nínú fíríì, ẹ́ńjìnnì ní láti jẹ epo kí ó má bàa kú. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọkọ̀ tí ó wà nínú fíríì kò ní ohun tí ń fà á sẹ́yìn àfi bíréèkì, bíréèkì tí a bá sì tẹ̀ láìdáwọ́ dúró yóò gbóná títí yóò fi kọ̀ láti mú. Jíà tí a fi gun irú òkè bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tí ó kéré sí i, ni ó yẹ kí a fi sọ̀kalẹ̀, kí a sì ti wọ inú rẹ̀ láti orí òkè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá sì ní ìdérí kan nínú páìpù èéfín. Bí awakọ̀ bá tẹ ohun tí ń ṣàkóso rẹ̀, ìdérí náà yóò dí ọ̀nà sàlẹ́ńsà, písítìnnì yóò máa ti afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde, ẹ́ńjìnnì yóò sì di bíréèkì. Ní irú ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, gééjì tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ni a ń wò, kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣe wọ ibi pupa.

Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé ń fi kọ̀ǹpútà ṣe púpọ̀ nínú ìṣọ́ yìí. Láti ìparí ọdún 2013, òfin ilẹ̀ Yúróòpù mú kí gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tuntun dín èéfín wọn kù gidigidi, wọ́n sì ń fi asẹ́ sínú páìpù láti mú dúdú inú èéfín. Asẹ́ yìí a máa jó ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù nígbà tí ooru bá dé nǹkan bí 600, ara páìpù a sì gbóná gan-an. Awakọ̀ tí ó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e sórí koríko gbígbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá ní ilẹ̀ Òkun tí iná ọyẹ́ kì í pẹ́ ràn.

Ọkọ̀ oníṣu wa dé Lọ́kọ́ja nígbà tí oòrùn ti mú. Àwọn oníbàárà ti dúró, ọmọ ọkọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti ń tú okùn. Awakọ̀ kò tí ì pa ẹ́ńjìnnì. Àgbá tọ́bò lè yí ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń tì sí i nìkan ni ó sì ń gbé e ró. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí tọ́bò ṣì gbóná, ọ́ìlì yóò dúró lójú kan nínú rẹ̀, yóò jó, yóò sì di èédú tí ń jẹ ìdè rẹ̀. Nítorí náà awakọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ wo ẹnu sàlẹ́ńsà: ó gbẹ, ọ́ìlì kò sí níbẹ̀. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó padà wọlé, ó wo gééjì omi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ padà.